Ọ̀rọ̀ Aláìsàn àti Kóòdù Ọdọọdún: Iṣẹ́ tí Èdè-Ìperí Ìṣègùn Kò Tí ì Ṣe

Ní ọdọọdún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé máa ń gbé àtúnṣe jáde sí ìwé ńlá tí a fi ń pín àìsàn sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn mọ̀ sí ICD. Àìsàn kọ̀ọ̀kan ni ó ní kóòdù tirẹ̀ nínú ìwé náà, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ìtumọ̀ wọn kò yàtọ̀ láti Tókíyò dé Ilé-Ifẹ̀, kí iye àwọn tí àìsàn kan ń bá jà ní ìlú kan lè ṣeé fi wé ti ìlú mìíràn. Ẹ̀dà kọkànlá, tí ìpàdé àpapọ̀ àjọ náà fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹ̀dà kẹwàá, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1990, ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ èdè-ìperí Yorùbá kò tí ì bi ara wọn tó: nígbà tí kóòdù bá ń yí padà ní ọdọọdún, ta ni ó ń yẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà lẹ́yìn kóòdù náà wò?

Àwọn kan yóò sọ pé ìbéèrè náà kò kan Yorùbá rárá. Gẹ̀ẹ́sì ni dókítà fi ń kọ̀wé, Gẹ̀ẹ́sì ni òṣìṣẹ́ ẹ̀ka àkọsílẹ̀ fi ń kà á, lẹ́tà àti nọ́ńbà sì ni ó ń tibẹ̀ jáde. Èrò yìí gbàgbé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn tí kì í sùn sí ilé-ìwòsàn, tí ó dé ní òwúrọ̀ tí yóò sì padà sílé ní ọ̀sán, kì í ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ níwájú dókítà. Kò sí ẹni tí yóò tún bi í léèrè ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí a ti lè ṣe fún ẹni tí ó wà lórí ibùsùn. Ohun tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ láàárín ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí tí dókítà ní lọ́wọ́, ní Ilé-Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn fi ń sọ ọ́. Kóòdù ni ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣáájú bá ní ìtumọ̀ méjì, tí a sì mú èyí tí kò tọ́, kò sí àtúnṣe tí Geneva lè ṣe tí yóò tún kóòdù náà ṣe.

Kí òǹkàwé wo ibà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni Yorùbá fi ń pe ooru ara tí ó kọjá bí ó ti yẹ, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Nínú ẹ̀dà kẹwàá, ọ̀tọ̀ ni ibùgbé àwọn méjèèjì: R50 ni ti ara gbígbóná tí a kò mọ orísun rẹ̀, B50 dé B54 ni ti àrùn ẹ̀fọn. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tí a bá fura sí wò kí wọ́n tó fún un ní oògùn àrùn náà. Nítorí náà, ẹni tí ó wí pé “ibà ń ṣe mí” kò tí ì wí pé òun ní àrùn ẹ̀fọn. Ara ni ó ń sọ. Bí akọ̀wé bá wá kọ B54 nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni ibà, iye àrùn ẹ̀fọn yóò pọ̀ lórí ìwé ju bí ó ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn lọ, àìsàn mìíràn tí ó ń mú ara gbóná yóò sì sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ètò oògùn àti ti àjẹsára ń tẹ̀lé ohun tí àkọsílẹ̀ bá wí.

Ìlànà kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè-ìperí gbọ́. Níbẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni kóòdù tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdọọdún. Ìlànà wọn fún àwọn aláìsàn tí kì í sùn sí ilé-ìwòsàn sọ pé bí dókítà bá kọ “ó jọ” tàbí “ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́” síwájú orúkọ àìsàn, akọ̀wé kò gbọdọ̀ fún un ní kóòdù àìsàn náà. Àmì tí ó gbé aláìsàn dé ibẹ̀ ni kí ó kọ: ikọ́, orí fífọ́, ara gbígbóná. Òfin Amẹ́ríkà kò de Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ bá èdè Yorùbá mu ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. “Ara rẹ̀ ń gbóná” kì í ṣe “ó jọ ibà”, bẹ́ẹ̀ ni “ó jọ ibà” kì í ṣe “àyẹ̀wò fi ibà hàn.” Ìyá àgbà tí kò ka ìwé mọ ìyàtọ̀ mẹ́ta yìí. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè-ìperí ni láti sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ iṣẹ́: kí a fi “ara gbígbóná” sílẹ̀ fún àmì, kí a sì pe àrùn náà ní “ibà ẹ̀fọn” nígbàkúùgbà tí àyẹ̀wò bá ti jẹ́rìí sí i. Ọ̀rọ̀ tuntun kò sí nínú èyí. Ìpínnu ni ó ṣọ̀wọ́n.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga ní ọjọ́ kan ṣoṣo, bóyá nítorí pé ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Mọ̀dákẹ́kẹ́ wá sí ilé-ìwòsàn nínú oòrùn, kò tí ì di alárùn ẹ̀jẹ̀ ríru. R03.0 ni kóòdù ti àkọ́kọ́ nínú ẹ̀dà kẹwàá, I10 ni ti ìkejì. Yorùbá ní “ìfúnpá gíga”, ó ní “àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru”, ṣùgbọ́n a ń lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni rọpárọsẹ̀. Orúkọ náà ń ṣàpèjúwe ohun tí ojú rí, apá àti ẹsẹ̀ tí ó rọ. Kò sọ ohun tí ó fà á. Àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan ọpọlọ rẹ̀ mọ́ lè ní rọpárọsẹ̀, ọmọdé tí kòkòrò polio wọ inú ara rẹ̀ lè ní i. A80 ni kóòdù polio. Ó wà ní orí tí ó jẹ mọ́ àrùn àkóràn, ọmọ tí kò sì tí ì pé ọdún 15 tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣàdédé rọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbọdọ̀ ròyìn rẹ̀ kíákíá, kí a lè yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ polio àdámọ́, Nàìjíríà sì ni ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí a ń retí. Kí ìròyìn bàbá ẹni 60 ọdún tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá dùbúlẹ̀ máa bọ́ sí ìsọ̀rí yìí nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì í ṣe eré.

Kí ni èdè fúnra rẹ̀ ti ṣe sí i? Nínú ìpolongo àjẹsára, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe polio ní “rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀”. Wọ́n fi “ọmọ” sínú orúkọ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó tó láti ya àrùn ọmọdé sọ́tọ̀ kúrò lára ti àgbà. “Rọpárọsẹ̀” wá ń padà di ti àgbà. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lórí rẹ̀. Ohun tí ó kù fún àwọn ọ̀mọ̀wé ni kí wọ́n gbà á, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì so kóòdù mọ́ ọn, dípò kí wọ́n máa ṣẹ̀dá orúkọ gígùn mìíràn tí ẹnì kan kò ní í pè.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Nínú ẹ̀dà kẹwàá, rọpárọsẹ̀ àgbà wà lára àwọn àrùn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, I60 dé I69. Nínú ẹ̀dà kọkànlá, a gbé e lọ sí orí àwọn àrùn ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára. Olùkọ́ tí ó ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé àrùn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni yóò tún ẹ̀kọ́ náà kọ́. Lẹ́yìn èyí, aláìsàn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí ó ń wá gba oògùn lóṣooṣù, kì í ṣe ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù. Ohun tí ó kù lára rẹ̀ ni a ń tọ́jú, kóòdù ọ̀tọ̀ sì ni ti àṣẹ́kù. Bí a kò bá yà wọ́n, ẹnì kan ṣoṣo yóò di ẹni méjìlá nínú ìṣirò ọdún kan. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tọ́: rọpárọsẹ̀ a máa “kọ lu” ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. “Ìkọlù rọpárọsẹ̀” àti “àṣẹ́kù rọpárọsẹ̀” yóò ṣe iṣẹ́ náà láìsí wàhálà.

Nípa àmì ohùn, a ti jiyàn púpọ̀ lórí rẹ̀ ní yunifásítì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹwà ìwé ni. Ní ilé-ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ara ènìyàn ni. “Ipá” ni àwọn kan ń pe wárápá; “ìpá” ni wíwú abẹ́ ọkùnrin nígbà tí ìfun bá sọ̀ kalẹ̀ tàbí tí omi bá gbá jọ síbẹ̀. Kí akọ̀wé kọ “ipa” láìsí àmì sórí káàdì, kí ẹlòmíràn kà á ní ọjọ́ kejì: G40 ni kóòdù wárápá, K40 ni kóòdù ìfun tí ó sọ̀ sí abẹ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ya kóòdù méjèèjì. Ọ̀kan ń fẹ́ oògùn lójoojúmọ́, ọ̀bẹ dókítà ni ìkejì ń fẹ́.

Àwọn ìgbà mìíràn wà tí ìmọ̀ yí padà tí ọ̀rọ̀ Yorùbá sì dúró síbi tí ó wà. Àpẹẹrẹ tí ó burú jù ni “àrùn kògbóògùn”. Nígbà tí a sọ éèdì ní orúkọ yìí, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1996 ni a ti ń da oògùn pọ̀ tí ó ń dá kòkòrò náà dúró, ẹni tí ó bá sì ń lò ó bí ó ti yẹ lè dàgbà, kí ó darúgbó. Orúkọ tí ó wí pé àrùn kò gbọ́ oògùn ń lé aláìsàn kúrò nídìí oògùn. Ó tún ń da nǹkan méjì pọ̀: ẹ̀dà kẹwàá ya Z21, ẹni tí kòkòrò wà lára rẹ̀ tí àìsàn kò sì hàn, kúrò lára B20 dé B24, ẹni tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára rẹ̀. “Kògbóògùn” bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí a mú orúkọ náà kúrò nínú ìwé tí a fi ń kọ́ni, kí a máa wí pé “ó ní kòkòrò HIV” àti “éèdì ń ṣe é”, níbi tí ìkọ̀ọ̀kan bá ti tọ́. Òyìnbó pàápàá ń ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé pa orúkọ àtijọ́ tí ó so àrùn kan mọ́ ọ̀bọ tì, tí wọ́n sì sọ ọ́ di mpox, wọ́n fi ọdún kan sílẹ̀ kí a máa lo orúkọ méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó bá ti tú orúkọ àtijọ́ náà sí Yorùbá pẹ̀lú “ọ̀bọ” nínú rẹ̀ ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ní Ilé-Ifẹ̀, irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjòjì. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní ọdún 1984 ni ìwé èdè-ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì bójú tó sì tẹ̀ lé e. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò jẹ àǹfààní wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìwé wọ̀nyẹn dá lé jù. Fóníìmù ọdún 1984 kò yàtọ̀ sí ti òní. Àìsàn kì í dúró dè wá bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ń kó ọ̀rọ̀ ìṣègùn jọ lẹ́yìn wọn ti ń tẹ̀lé àṣà kan náà: kí a kó ọ̀rọ̀ jọ, kí a tẹ̀ ẹ́, kí a pa ìwé dé. Níbẹ̀ ni àṣìṣe wà.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà nítòsí tí a kì í sábà so mọ́ ọ̀rọ̀ èdè. Láàárín ọdún 1956 sí 1961, Dókítà David Morley ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ ìlú Imẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe káàdì ìwọ̀n ọmọ tí a mọ̀ káàkiri ayé lẹ́yìn náà. Ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ ni pé ìyá ọmọ ni ó ń tọ́jú káàdì náà. Oṣù wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, ìlà sì wà tí ó fi hàn bóyá ọmọ ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Àìsàn tí ó ṣe é ni a kọ sí oṣù tí ó ṣe é, ẹni tí ó bá wo ìlà lè rí i pé ìgbà tí ọmọ ṣàìsàn ni ìwọ̀n rẹ̀ já wálẹ̀. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1975, Wesley Guild wà lára rẹ̀, òun náà ni a ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lónìí. Nítorí náà, ilé tí ó ti kọ́ ayé ní bí a ti ń kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn tí ń ti ilé wá kò yẹ kí ó máa retí kí ẹlòmíràn wá tún ọ̀rọ̀ Yorùbá inú àkọsílẹ̀ ṣe fún un.

Kí ni kí a ṣe? Àwọn akínkanjú kan yóò fẹ́ túmọ̀ gbogbo ICD. Ẹ̀dà kọkànlá ní kóòdù bí 17,000, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fi wá wọn sì ju 120,000 lọ. Ènìyàn lè fi ìgbésí ayé méjì ṣe é kí ó má parí, kò sì sí ẹni tí yóò ka ìwé náà. Ohun tí a nílò ni atọ́ka: ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń ráhùn ní ilé-ìwòsàn, bí igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún lákọ̀ọ́kọ́, pẹ̀lú àmì ohùn, àti kóòdù tí ìkọ̀ọ̀kan lè tọ́ka sí. Níbi tí ọ̀rọ̀ kan bá lè tọ́ka sí mẹ́ta, kí a kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a sì kọ ìbéèrè tí yóò yà wọ́n. Ẹni tí ó ní “ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀” lè ní ìbà pọ́njú tí ẹ̀fọn ń gbé, A95, èyí tí ó tún jí ní Nàìjíríà ní ọdún 2017. Ó lè jẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò fà, B15 dé B19. Ó sì lè má ju ojú pípọ́n lọ títí àyẹ̀wò yóò fi dé, R17. “Ṣé o ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ rí?” jẹ́ ìbéèrè Yorùbá tí ó níye lórí ju orúkọ tuntun mẹ́wàá lọ.

Àwọn onísègùn ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tí ó rò pé ìmọ̀ wọn kò lè wọ ìwé àgbáyé kò tí ì ka orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n ẹ̀dà kọkànlá, níbi tí a ti fi àyè gba àìsàn bí ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà ti mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2025 ni a fi ti Íńdíà kún un, Ayurveda, Siddha àti Unani. Àwọn ará Íńdíà kò jókòó lásán kí ó tó dé ibẹ̀. Ní ọdún 2017 ni ìjọba wọn ti gbé àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn jáde, tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní kóòdù. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó bẹ́ẹ̀. “Arómọléegun” ń sọ ìrora egungun tí ó dé bá ọmọ, “fòníkú-fọ̀ladìde” ń sọ ìrìn àìsàn náà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹ̀dà kẹwàá náà ya D57.0, ìgbà tí ìrora dé, kúrò lára D57.1, ìgbà tí kò sí. Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kò péye kò tí ì fetí sílẹ̀.

Iṣẹ́ ọdọọdún náà kò tóbi. Nígbà tí àtúnṣe bá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí dókítà kan tí ó ń rí àwọn aláìsàn àwálọ, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka àkọsílẹ̀ kan, onímọ̀ èdè kan àti onísègùn kan jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe gbogbo ìwé ni wọn yóò kà, ohun tí ó yí padà nìkan ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera wà ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀ka ìmọ̀ èdè wà níbẹ̀, ilé-ìwòsàn wà níbẹ̀. Ohun tí ó jìnnà síra láàárín wọn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ.

Kí wọ́n kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́. Jẹ̀díjẹ̀dí ni yóò fi ìdí rẹ̀ hàn. Ìyọdí tí a sábà máa ń fi orúkọ yìí pè wà lára àwọn àrùn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀, I84; nínú àtúnṣe ọdún 2010 ni a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àrùn inú, K64. Ẹni tí ó bá ń ka àkọsílẹ̀ ọdún 2008 àti ti 2012 pa pọ̀ láìmọ èyí yóò rò pé jẹ̀díjẹ̀dí pòórá ní ìlú, pé àìsàn mìíràn ni ó sì gba ipò rẹ̀. Ìlà kan nínú atọ́ka, “I84 títí di àtúnṣe 2010, K64 láti ìgbà náà”, ni yóò gbà á lọ́wọ́ àṣìṣe náà, òun sì ni ìlà àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ náà kọ.